Victoria àbí Christian Kẹsàn-án: ta ni orísun àwọn ọba Yúróòpù?

Bí ọ̀rọ̀ ìran àwọn ọba Yúróòpù bá délẹ̀, Victoria, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni gbogbo ẹnu máa ń dárúkọ. Ó bí ọmọ 9. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wilhelm Kejì ti Jámánì àti Alix, aya Nicholas Kejì ti Rọ́ṣíà.

Christian Kẹsàn-án ti Denmark ńkọ́? Ọmọ 6 péré ló bí, kò sì lówó rẹpẹtẹ kó tó jọba lọ́dún 1863. Síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan jọba ní Gíríìsì, ọmọbìnrin rẹ̀ Alexandra, ìyá George, di olorì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọbìnrin rẹ̀ mìíràn, Dagmar, ìyá Nicholas, di olorì ní Rọ́ṣíà. Ìdí rèé tí George àti Nicholas fi jọra bí ìbejì: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ìyá wọn. Ẹ wo fọ́tò tí wọ́n jọ yà ní Berlin lọ́dún 1913: irùngbọ̀n kan náà, ojú kan náà!

Lójú tèmi, wọn ò fún Christian ní iyì tó tọ́ sí i rárá. Nínú àwọn ọba òde òní, Charles Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Felipe ti Spéìn wá látọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Carl Gustaf ti Sweden, ti Victoria nìkan ni. Philippe ti Belgium, ti Christian nìkan.