Pọ́n-ùn 25 lórí ẹnu ọ̀nà ọ̀fẹ́

Mi ò ní dárúkọ àwọn tó kó wa lọ sí Kenwood House, ilé ńlá àtijọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Pọ́n-ùn 25 ni wọ́n gbà lórí èmi, 25 lórí màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn. A dé ẹnu ọ̀nà, mo na tíkẹ́ẹ̀tì orí fóònù sí ọmọbìnrin òyìnbó tó dúró níbẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní ọ̀fẹ́ ni ilé náà.

Ọ̀fẹ́ kẹ̀!

Mo yíjú sí ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri. "Ẹ má bínú, ma, owó ọkọ̀ wà nínú ẹ̀." Kí n tó lanu, màmá ti dá a lóhùn: "Ọkọ̀ wo? Ṣebí bọ́ọ̀sì 210 la wọ̀ wá, ọmọ mi ló sì sanwó ẹ̀." Ó ń wolẹ̀.

Ìtàn tó ní òun máa sọ ńkọ́? Ó ní Ọbabìnrin Victoria ló kọ́ ilé náà! Ìyá òyìnbó kan tó ń ṣọ́ yàrá ìwé ló gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá yẹn nawọ́ sókè sí àjà, búlúù àti pínǹkì, iṣẹ́ Robert Adam, ayàwòrán ilé tó tún ilé náà ṣe fún Lord Mansfield, adájọ́ àgbà tó dá a lẹ́jọ́ lọ́dún 1772 pé ọ̀gá ẹrú kan, James Somerset, ò lè fi tipá gbé e kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tà. Ilé yẹn náà ni wọ́n ti tọ́ Dido Belle, tí ẹrúbìnrin adúláwọ̀ kan, Maria Belle, bí fún ìbátan adájọ́ náà. Dido ló ń bójú tó wàrà àti adìyẹ. Àlejò kan tó jẹun níbẹ̀ lọ́dún 1779 kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni Dido tó wọlé wá jókòó ti àwọn obìnrin.

Màmá dákẹ́. Wọ́n wá ní kí n bi ìyá náà: "Ta ló wá ń bá a jẹun?" Mo túmọ̀ ẹ̀. Ìyá náà ò rí èsì fọ̀, wọ́n kàn di màmá lọ́wọ́ mú.

Ìran Guinness, àwọn oníbíà dúdú yẹn, ló sọ ilé náà di ti aráàlú. Edward Guinness rà á ní 1925, ó kú ní 1927, wọ́n ṣí i ní 1928. "Èyí tí bàbá yín ń mu?" Òun ni, màmá.

Àwòrán Rembrandt wà níbẹ̀, mi ò rójú wò ó, ìwé ẹ̀sùn ni mò ń tẹ̀ lórí fóònù. Pọ́n-ùn 10 péré ni wọ́n dá padà, ti màmá nìkan, "nítorí àgbà ni wọ́n."

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọ̀kan ni mo fẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀, màmá ló ní ọmọ ẹlẹ́ni ni ọmọkùnrin yẹn.