OneLook Thesaurus: ṣé ó lè bá yín rí Gẹ̀ẹ́sì tó bá "gbì" àti "bàìbàì" mu?

Bí ẹ bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fíìmù Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sáré wá síni lọ́wọ́: dull. Iná tó ń jó bàìbàì, dull. Aṣọ tó ti ṣá, dull. Àpò ìrẹsì tó já lulẹ̀ gbì, dull sound. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá, òun náà dull. Yorùbá tó dùn lẹ́nu òṣèré á wá dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ nísàlẹ̀ àwòrán.

Irú ìṣòro yìí ni OneLook Thesaurus wà fún, ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ìtumọ̀ tí ẹ tẹ̀ sí i mu, ní onelook.com/thesaurus. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì pọn dandan kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Lójú tiwa ó dára, bí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ máa tẹ̀ sí i.

Ẹ má tẹ dull nìkan. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ti ọpọlọ, ti ìró, ti àwọ̀, ti ọ̀bẹ tí kò mú, ti ọjà tí kò tà, gbogbo rẹ̀ á jùmọ̀ dà wọ́ síwájú yín bí ẹrù tí wọ́n tú sílẹ̀ ní gáréèjì. Àpèjúwe ni ẹ̀rọ yìí fẹ́. Ẹ tẹ dull sound of something falling, tàbí slow to understand, tàbí color without brightness. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún tó. Lẹ́yìn náà, ẹ lo àwọn àṣàyàn tó wà níbẹ̀ láti to èsì kí èyí tó wọ́pọ̀ jù ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ lè ko hebetude àti fuscous, tí òǹwòran kankan ò ní mọ̀. Ẹ tún yan bóyá ọ̀rọ̀ ìṣe tàbí ọ̀rọ̀ àpèjúwe lẹ ń wá.

Àrà kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Bí ẹ bá tẹ d*:dull, kìkì ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú d tó sì sún mọ́ dull nítumọ̀ ni yóò kó wá. Àmì ìbéèrè dúró fún lẹ́tà kan, nítorí náà ????:dull ń wá ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́rin. Ẹni tí ìlà rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi lẹ́tà 42 lọ, àlàfo wà nínú ẹ̀, yóò mọyì rẹ̀.

Ti ìró ló ti wúlò jù. Thud á jáde pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Thud ni gbì: ohun tó wúwo, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Clunk ń fẹ́ irin, bíi ilẹ̀kùn mọ́tò ògbólógbòó. Drone kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kíkùn ni, bíi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lóru, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Muffled, ohun kan ló bò ó: ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Muted, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Bí ajínigbé bá dí èèyàn lẹ́nu nínú fíìmù, tí ẹ wá kọ muted voice, ẹ ti sọ ọ́ di ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ rọra sọ̀rọ̀.

(Ẹ tún kíyè sí bí èdè wa ṣe ń ṣe é. Gbì, bàìbàì, gọ̀: ìsàlẹ̀ ni ohùn wọn wà. Gbóá, báláú, gbọ́n: òkè ni. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, orí ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn nìkan ni gbogbo ẹrù já lé.)

Ti àwọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Faded ni èyí tó ti ṣá, ìyẹn ni pé ó dán rí. Dingy, ìdọ̀tí tàbí èéfín ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, bíi ògiri búkà tí wọ́n ń fi igi dáná. Drab kò dán rí rárá. Ara ọ̀rọ̀ Faransé tó ń jẹ́ aṣọ ló ti wá, aṣọ tí wọn ò pa láró. Muted lára aṣọ, ìyìn ni. Oníṣòwò lè kọ ọ́ sára ọjà rẹ̀, kò jẹ́ kọ drab.

Ibi tí OneLook ti ń fini sílẹ̀ ni ti ọpọlọ. Obtuse, dense, slow, stupid, gbogbo wọn ló máa tò sílẹ̀ láìsọ èyí tó jẹ́ èébú àti èyí tí olùkọ́ lè sọ fún òbí. Slow ló rọ̀ jù nínú wọn. Dense, orí tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀. Obtuse, láti inú èdè Látìn tó túmọ̀ sí ohun tí wọ́n lù títí ẹnu rẹ̀ fi kú, ni ti ẹni tí gbogbo ilé ti rí ọ̀rọ̀ náà tán tí òun ò tíì rí i. Sùẹ̀gbẹ̀ inú eré sábà máa ń gba èyí ju stupid lọ. Dull fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní Nàìjíríà, a dull boy ni ọmọ tí ìwé kò wọ̀ lórí. Ní Gẹ̀ẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń sú èèyàn ni wọ́n sábà máa gbọ́. Fíìmù tó ń lọ sókè òkun, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Fún èyí, ẹ ṣí Merriam-Webster, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ dull àti stupid, ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ àárín àwọn ẹbí ọ̀rọ̀ náà. OneLook kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà ẹ má tẹ gbì sí i. Máàkì 8 nínú 10 fún ìró, 7 fún àwọ̀, 5 fún ọpọlọ.