Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ fẹ́ ná: ọdún kan pẹ̀lú òdòdó ẹ̀bá títì n'Íbàdàn

Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni mo ra àwọn òdòdó yìí lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tà á lẹ́bàá títì n'Íbàdàn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹnu mọ́ lórí bóyá wọ́n dáa títí wọ́n fi rí òjò, tí wọ́n sì rí ọyẹ́. Nínú òjò, kò sí òdòdó tí kì í dáa. Èpò pàápàá ń dán.

Ixora mẹ́jọ, bougainvillea mẹ́ta, hibiscus méjì, rose mẹ́ta. ₦1,500 ni ixora kan nígbà náà. Rose ló wọ́n jù, ₦5,000 ẹyọ kan, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo tún ń san ₦10,000 lóṣù kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè máa wá lẹ́ẹ̀mejì láti ro ìdí wọn, kó gé èyí tó bá yẹ ní gígé, kó sì bu ajílẹ̀ sí wọn.

Ká sòótọ́, Àlàájì (bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ọkùnrin tó tà á fún mi) mọ ixora. Òun fúnra rẹ̀ ló wá wo ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì tí mo fẹ́ gbìn wọ́n sí. Ó fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ díẹ̀, ó ṣa èérún sìmẹ́ńtì tí àwọn bíríkìlà dà síbẹ̀ sókè, ó fi hàn mí. "Ìyá wa, ibí yìí kọ́. Ewé rẹ̀ á pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe." Ó sún méje síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Èmi olóríkunkun ní kó fi ẹyọ kan sílẹ̀ síbi tí mo fẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, méje yẹn ń tanná pupa fòò, tèmi ti di rúsúrúsú, àfi iṣan ewé nìkan ló ṣì ní àwọ̀ ewé. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí gbòǹgbò ixora rí irin inú ilẹ̀ fà mu dáadáa.

Bougainvillea ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Gbogbo ìgbà òjò, ewé àti ẹ̀gún ni mò ń rí. Ti aládùúgbò mi, tí ẹnikẹ́ni kì í bomi rin, kún fún òdòdó ju tèmi lọ! Mo pe Àlàájì, inú ń bí mi. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín: "Ìyá wa, ẹ febi pa á díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò lọ ná." Àṣé imí adìyẹ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń dà sí i ní gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń sọ ọ́ di ewé. Láti oṣù kọkànlá ni mo ti ní kó má fi ajílẹ̀ kankan sí i mọ́, omi ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn Kérésìmesì, tí ọyẹ́ ń la wá létè, ó fi àwọ̀ àlùkò bo fẹ́ǹsì débi pé a ò rí búlọ́ọ̀kù mọ́. Mo já ẹyọ kan wò: ohun tá à ń pè ní òdòdó, ewé ni, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Òdòdó gangan wà láàárín, funfun, kò tóbi ju orí ìṣáná lọ.

Hibiscus ò ní wàhálà púpọ̀. Kòkòrò funfun bí òwú bò ó ní oṣù kejì, èèrà ń tò lọ tò bọ̀ lára rẹ̀. Omi ọṣẹ ni mo fi ń fọ ẹ̀yìn ewé, ó lọ.

Ó wá ku rose. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Àkọ́kọ́ rọ ní oṣù kẹjọ. Nígbà tí mo hú u, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì ká mọ́ra bí òṣùká, bó ṣe wà nínú ọ̀rá dúdú náà ló ṣe wà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin nínú ilẹ̀. Ó ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá kó tó tà á fún mi. Ìkejì, wọ́n lọ́ ọ mọ́ ìdí igi mìíràn kí méjèèjì lè di ẹyọ kan; ẹ̀ka igi ìdí yẹn yọ lábẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ, ọmọ iṣẹ́ ò mọ̀ pé gígé ló yẹ kóun gé e, ẹ̀ka yẹn wá jẹ gbogbo agbára rose náà. Ìkẹta, ọyẹ́ ló gbé e lọ.

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá títí oṣù kìíní fi parí, ọmọ iṣẹ́ ò yọjú. Ó ní kò sí koríko láti ro nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Owó oṣù ò sì dáwọ́ dúró o! Ìgbà tí iṣẹ́ wà gan-an! Èmi ni mo ń fa omi kànga láàárọ̀ kùtù, tí mo ń kó ewé gbígbẹ jọ sí ìdí wọn kí ilẹ̀ má baà là.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ra ixora àti bougainvillea, ẹ ná an dáadáa. Rose ńkọ́? Ẹ ní kó ya ọ̀rá wò lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má gbà fún tolóṣù.

Mo bi í léèrè owó rose mi. Kò dá kọ́bọ̀ padà, ixora méjì ló fún mi dípò rẹ̀. Mo ti gbìn wọ́n jìnnà sí fẹ́ǹsì. Ẹyọ ti oríkunkun yẹn ṣì wà níbẹ̀, rúsúrúsú, mi ò tíì hú u.