Mo wa Montreal, mo wa Dino: èwo ni kí ẹ rà?

Ọdún mẹ́rin ni mo fi wa Alfa Romeo Montreal, ọkọ̀ eré Ítálì àtijọ́, kí n tó tà á, tí mo fi owó rẹ̀ ra Fiat Dino Coupé 2400. Nígbà tí mo ní Montreal, n kì í ra epo ní Leeds níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹnìkan má yọ fóònù láti yà á. Dino ńkọ́? Bàbá kan bi mí bóyá mo jogún ẹ̀ ni.

Ẹwà Montreal kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Marcello Gandini ló ya àwòrán ìrísí rẹ̀ ní Bertone, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ítálì. Expo 67, ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1967 ní ìlú Montreal ní Canada, ni aráyé ti kọ́kọ́ rí i, ibẹ̀ náà ló ti gba orúkọ. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 1970 ní ẹ́ńjìnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) lítà 2.6, ọmọ ìyá ẹ́ńjìnì ọkọ̀ eré ìje Tipo 33. Iná iwájú rẹ̀ ní ìpéǹpéjú onírin. Ẹ tan iná, á rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Ihò afẹ́fẹ́ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ̀tàn ni o. Wọ́n dí i pa.

Pọ́ǹpù SPICA tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnì ló fi ojú mi rí màbo. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀, irin lásán ni. Mẹkáníìkì kan tó lóun mọ̀ ọ́n tú tèmi, ó tò ó padà, oṣù mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ fi ń tú èéfín dúdú. Owó tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lóòótọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ẹ má bi mí, ìyàwó mi lè kà á níbí. Ẹ béèrè rìsíìtì pọ́ǹpù yẹn kí ẹ tó dúnàádúrà.

Dino ní ìtàn. Alfredo, ọmọ Enzo Ferrari tó dá ilé iṣẹ́ Ferrari sílẹ̀, ni wọ́n ń pè ní Dino; ọmọ ọdún 24 ló kú, ní 1956. Ferrari fẹ́ fi ẹ́ńjìnì V6 tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ yìí díje nínú eré ìje ọkọ̀ Formula 2, òfin sì ní ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ 500 tí ará ìlú lè rà. Agbára rẹ̀ kò ká ọkọ̀ tó pọ̀ tó yẹn, ló bá tọ Fiat lọ.

Lítà 2.0 ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ wá 2.4 (2400 bíi tèmi) ti 1969 síwájú. Maranello, nílé Ferrari gan-an, ni wọ́n ti tò ó, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan sì ń dá gbéra. Ti Montreal, ọ̀pá kan ló so méjèèjì pọ̀: kòtò tí ọ̀tún bá bọ́ sí, òsì á gbọ́. Mo gbé ìyàwó àti ọmọ méjì lọ sí Inverness ní Scotland nínú Dino, àwọn ọmọ sùn lẹ́yìn. Ẹ̀yìn Montreal, àpò aṣọ ló mọ.

Ọwọ́ òsì nìkan ni sitiárìn Dino máa ń wà. Bí mo bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti ń wa ọkọ̀ ní apá òsì títì, ìyàwó mi ló ń yọjú wo ọ̀nà. “Ó yá, lọ! Rárá, dúró!” Ohùn rẹ̀ ju ti V6 lọ.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó máa dán nínú gáráàjì fún àlejò ni, ẹ ra Montreal. Èmi ń rìnrìn-àjò. Àmọ́ ẹ mú iná tọ́ọ̀ṣì dání tí ẹ bá lọ wo Dino, torí ìpẹtà. Lọ́jọ́ Sátidé, tèmi ń padà sọ́dọ̀ wẹ́dà nítorí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.