Epoxy onírọ́bà: èèkù ọ̀bẹ mi ò là mọ́

Èèkù ọ̀bẹ ni mò ń ṣe. Igi méjì ni mo máa ń fi há irin láàárín, epoxy, ìyẹn àtè olómi tó máa ń dì le, ló sì ń so wọ́n pọ̀. Epoxy tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ le gan-an, àmọ́ bí dígí ló ṣe le. Kí ọ̀bẹ já bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti rí ìlà kan tín-ínrín bí irun létí irin, ìlà yẹn kì í sì í dúró títí igi á fi ṣí. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, oníbàárà kan dá ọ̀bẹ mẹ́ta padà fún mi. Ó dùn mí wọra, torí igi náà ò ní àbùkù kankan.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra epoxy tí wọ́n ti po rọ́bà olómi mọ́, irú rọ́bà tí wọ́n ń pè ní CTBN. Agolo méjì ni, epoxy lọ́tọ̀, hardener tó ń mú un dì lọ́tọ̀. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, mo rí i pé ó ki ju èyí tí mo mọ̀ lọ, ó ń fà yọ̀ọ̀ bí oyin. Àfìgbà tí mo gbé agolo náà sínú omi gbígbóná kó tó ṣeé dà. Kò sí ìyẹn nínú ìtọ́ni ara agolo, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Mo da díẹ̀ sínú ìdérí ike, mo jókòó tì í. Nígbà tí mo pò ó tán, ó mọ́ kedere, mo ń rí ìsàlẹ̀ ìdérí. Bó ṣe ń dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, bí omi tí wọ́n kán wàrà sí, títí gbogbo rẹ̀ fi funfun. Rọ́bà tó ti yọ́ mọ́ epoxy ni kò rí àyè mọ́ bí epoxy ṣe ń so kọ́ra, ló bá yapa, ló di hóró róbótó-róbótó. Hóró kan lè má ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ. Tí lílà bá dé ọ̀dọ̀ wọn, inú hóró á ya, á di ihò, epoxy tó yí i ká á wá ráyè nà díẹ̀ dípò kó ṣẹ́. Ibi nínà yẹn ni agbára ìkọlù ń tán sí. Epoxy lásán sábà máa ń gba nǹkan bí 100 sí 300 jùúlù (ìwọ̀n agbára) kó tó la mítà onígun mẹ́rin kan. Onírọ́bà lè ju 2,000 lọ.

Mo fi ojú ara mi rí i. Mo da ọ̀pá méjì, mo fi ayùn gé ẹnu sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo dè wọ́n mọ́ fáìsì, mo gbé òòlù. Ti tẹ́lẹ̀ ṣẹ́ pẹ́kẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, ojú ibi tó ti ṣẹ́ ń dán. Onírọ́bà gba òòlù márùn-ún, ẹnu ayùn rẹ̀ funfun sí i, ó sì ń di ara rẹ̀ mú síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi hardener míì rọ́pò tirẹ̀. Mo fi èyí tó ń yára dì tí mo ní nílé ṣe ọ̀kan. Ó dì kí rọ́bà tó yapa, ó mọ́ kedere títí, ó sì rọ̀ nígbà tí mo gbé e sínú ooru. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó mọ́ gaara bí omi kò gbọdọ̀ ra èyí rárá. Ibi tí oòrùn ti ń pa nǹkan lójoojúmọ́ náà ò yẹ ẹ́, torí oòrùn a máa ba rọ́bà yìí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sì le tó epoxy lásán. Ó máa ń tẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ní ti èèkù, mo fara mọ́ ọn.

Ọ̀bẹ mọ́kànlá ni mo ti fi ṣe. Méjì nínú wọn ti já bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n gbé wọn wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó yípo etí irin. Mi ò rí ìlà kankan.