Ọ̀gá Sójà Köpenick: ti 1931 ni àbí ti 1956?

Ìtàn kan náà ni fíìmù Jámánì méjèèjì sọ. Ní 1906, Wilhelm Voigt, ṣúmékà tó ti ṣẹ̀wọ̀n títí, wọ aṣọ ọ̀gá sójà tó rà ní òkìrìkà. Ó kó sójà lójú títì, ó fàṣẹ mú olórí ìlú Köpenick, ó sì kówó ìlú lọ. Aṣọ ni wọ́n ń kí, ta ló wojú ẹni tó wọ̀ ọ́!

Ti olùdarí Helmut Käutner, 1956, láwọ̀ mèremère, Heinz Rühmann tó ṣe Voigt sì ń ṣeni láàánú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Richard Oswald, 1931, ni èmi máa mú. Dúdú-àti-funfun ni, lóòótọ́. Àmọ́ Max Adalbert, tó ṣe Voigt níbẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó káàánú òun. Ojú ẹ̀ le koko, ẹ̀rín rẹ̀ sì korò bí orógbó.