Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ọmọ Alsatian: ìwé ìran kì í ṣe ìwé ìgbáròkó

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọmọ ajá Alsatian rà l'Ékòó àti agbègbè rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́. ₦380,000 ni mo ra tèmi lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń sin ajá tà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ti kọ lẹ́tà sí i pé kó dá owó mi padà, ọ̀rọ̀ náà sì lè dé kóòtù. Bó ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ajá náà nígbà tí mo gbé e délé, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, àwọn ọmọ mi sì sọ ọ́ ní Kìnnìún. Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, a rí i pé tó bá ń sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló ń gbé pọ̀ bí ehoro. Ẹ̀rín la fi ń rín. Ìyàwó mi tiẹ̀ ya fídíò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà níwájú ilé wa mọ́, tó bá sì ti dùbúlẹ̀, àtigbé ìdí nílẹ̀ á di iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀rín tán.

Dókítà ẹranko fún un lábẹ́rẹ́ oorun, ó dá a dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó ya X-ray. Orí egungun itan yẹ kó jókòó sínú ihò ìgbáròkó bí ẹyin ṣe ń jókòó sínú ọwọ́ tí a ká. Ti Kìnnìún, ihò náà tẹ́ pẹrẹsẹ, orí egungun sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta. Hip dysplasia lorúkọ rẹ̀. Àrùn ìdílé ni. Ọmọ ajá á ti dáyé tán kí oríkèé yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi máa ń dára lójú lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ rà wọ́n.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó kọ́kọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, táìlì ilé yín ló ń yọ̀." Nígbà tó yá, ó ní oúnjẹ tí mo ń fún un ni. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi, torí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n jẹ́ kó máa jẹ àjẹyó, kí n sì máa po kálísíọ̀mù mọ́ ọn lójoojúmọ́ kí egungun rẹ̀ lè tóbi. Òdìkejì rẹ̀ ni dókítà sọ: ọmọ ajá ńlá tó bá tètè sanra, ìgbáròkó rẹ̀ á túbọ̀ bàjẹ́ ni, kálísíọ̀mù àfikún sì máa ń da ìdàgbà egungun wọn rú. Mo gbà pé mo lọ́wọ́ nínú bó ṣe burú tó. Èmi kọ́ ni mo gbìn ín.

Ìgbà tó rí i pé mi ò lọ, ó mú gárántì ọdún kan jáde: kí n dá Kìnnìún padà, òun á fún mi lómìíràn nínú àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Ìyá kan náà ni o, bàbá kan náà! Ó sì mọ̀ pé ẹni tí ajá ti ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré fún oṣù márùn-ún kò ní rọrùn fún láti dá a padà. Mo bi í pé kí ló máa fi Kìnnìún ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi." Mo gé fóònù.

Ṣé mi ò gbàwé ni? Mo gbà á. Ìwé ìran tó kún fún orúkọ àwọn baba ńlá láti Jámánì. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin Alsatian, tí wọ́n ń pè ní SV, kì í jẹ́ kí wọ́n gun ajá láìya X-ray rẹ̀, èsì rẹ̀ á sì wà lórí ìwé ìran: HD ni ìgbáròkó, ED ni ìgbọ̀nwọ́. Lórí ìwé tèmi, àwọn baba ńlá ní HD. Bàbá tó bí i àti ìyá tó bí i, òfìfo.

Ó ti fohùn ránṣẹ́ sí mi ṣáájú pé ìyá náà ní "OFA Good", ìyẹn ni pé wọ́n ti yẹ ìgbáròkó rẹ̀ wò, ó sì dára. OFA ni àjọ tó ń yẹ X-ray ìgbáròkó ajá wò, ó wà ní Amẹ́ríkà láti 1966, wọn kì í sì í fún ajá ní nọ́ńbà ìgbáròkó tó parí àfi tó bá pé oṣù 24. Mo wo ọjọ́ ìbí ìyá lórí ìwé, mo fi ìka ka oṣù. Oṣù 19 ló wà nígbà tó bí Kìnnìún. Mo wá a lórí ìkànnì OFA, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá èsì ajá tó yege lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ní kí n béèrè X-ray àwọn òbí kí n tó sanwó. Mo ní ìyẹn ti pọ̀ jù, ṣé mo fẹ́ fi ṣaya ni? Ajá tó máa sọnù, èmi ni.

Kí n má ṣe ìrẹ́jẹ: ajá méjì tí ìgbáròkó wọn dára ṣì lè bí ọmọ tó lárùn yìí, torí jíìnì tó ń fà á pọ̀. Ká ní ó fi X-ray hàn mí ni, ǹ bá gba kámú. Nítorí náà, èsì àwọn òbí méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbà, kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ajá tó wà lórí èsì náà bá ti ìwé ìran mu, kẹ́ ẹ sì fúnra yín yẹ̀ ẹ́ wò. Gárántì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ni wọ́n máa dá padà láìgba ajá, kó sì pé ọdún méjì. Kí ni gárántì ọdún kan fẹ́ ṣe fún àrùn tí OFA ń dúró de oṣù 24 kí wọ́n tó sọ pé kò sí?

Ìpínlẹ̀ Èkó ní kóòtù ẹjọ́ kékeré láti 2018 fún ẹjọ́ owó tí kò bá ju ₦5,000,000 lọ. Lẹ́tà sí ẹni tó jẹ yín lówó ló máa ń ṣáájú. Ẹ tọ́jú gbogbo ohùn àti rìsíìtì. Èmi pa ohùn kan rẹ́ nítorí fóònù mi kún, ìyẹn gan-an sì ni èyí tó ti sọ̀rọ̀ OFA.

Kìnnìún ń lo oògùn ìrora, a ti dín oúnjẹ rẹ̀ kù, à ń rìn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin náà gbé àwòrán ọmọ ajá mẹ́fà sórí WhatsApp rẹ̀: bàbá láti Jámánì, ìyá OFA Good. Ìyá kan náà ni. Mo tún wá a lórí ìkànnì yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí níbẹ̀.